Ọmọ Oṣù Méje àti Ojú Rẹ̀: Ìtàn Tó Yẹ Kí Àwa Ará Bantè àti Savalou Mọ̀

  Ìtàn ìlú àti ìtàn ọba la sábà máa ń kà níbí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn ojú ni, ojú àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí ó kan ilé wa, ó sì kan kíláàsì wa.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ rèé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, àwa olùkọ́ ní ọmọkùnrin kan ní CP. Bí a bá bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, á dáhùn wéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó da ohun tó wà lára pátákó kọ, wúruwùru ni. 8 á di 3, "m" á di "n". A bá a wí títí. A fi í jókòó sẹ́yìn, a pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ wá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọmọ náà fún un. Obìnrin náà gbọ́ tiwa tán, ó wá ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọmọ oṣù méje ni. Láti kékeré ló ti máa ń gbé nǹkan súnmọ́ imú kó tó rí i."

Kò sí ẹni tó lè fèsì nínú wa. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, awò ojú ni wọ́n fún un, èyí tí àwa ará ìhín ń pè ní lunẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi wọ kíláàsì, ó bi wá bóyá ojoojúmọ́ la máa ń kọ déètì sókè pátákó. Ojoojúmọ́ ni. Kò rí i rí ni.

Ojú tì wá. Ìtìjú yẹn ló mú wa lọ wádìí: kí ni oṣù tí kò pé ní í ṣe pẹ̀lú ojú? Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n? Ohun tí a rí nínú ìtàn náà ya wá lẹ́nu, òun la fẹ́ pín fún yín.

BÍ OJÚ ṢE Ń DÀGBÀ NÍNÚ OYÚN

Oyún tó pé, ọ̀sẹ̀ 40 ni. Ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni àwọn dókítà ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ọmọ oṣù méje sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 sí 32.

Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Awọ yìí nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 oyún ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Láti àárín ni wọ́n ti ń nà lọ sí ìpẹ̀kun, bí ìtàkùn iṣu ṣe ń nà láti orí ebè. Ìpẹ̀kun tó wà níhà imú ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Ìpẹ̀kun tó wà níhà ẹ̀bátí kì í parí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 28 wá sáyé nígbà tí ìtàkùn náà ṣì wà lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí nínú òkùnkùn inú ìyá, ìta ni yóò ti parí, nínú ìmọ́lẹ̀, nínú òtútù àti nínú afẹ́fẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti inú oyún.

Ohun kejì ni ìwọ̀n ojú fúnra rẹ̀. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹyinjú ọmọ tó pé oṣù gùn tó nǹkan bí mìlímítà 17. Ti àgbàlagbà máa ń tó 23 tàbí 24. Láti ọdún 1604 ni Johannes Kepler ti ṣàlàyé pé ojú ń ya àwòrán ohun tí a ń wò sórí rẹ́tínà. Kí àwòrán náà tó lè mọ́lẹ̀ dáadáa, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ bára mu: awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ojú, lẹ́ǹsì tó wà nínú rẹ̀, àti gígùn ẹyinjú. Bí àwòrán bá balẹ̀ kó tó dé rẹ́tínà, ẹni náà kò ní rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ó bá kọjá rẹ̀, ojú á máa ṣe wàhálà láti rí ohun tó wà nítòsí. Bí iwájú ojú kò bá sì rí róbótó dọ́gba, gbogbo nǹkan á máa lọ́, yálà nítòsí tàbí lókèèrè.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pé oṣù ni a bí pẹ̀lú ojú tó kúrú díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ojú náà ń tún ara rẹ̀ ṣe, títí gbogbo rẹ̀ fi bára mu. Ẹ rántí èyí dáadáa, nítorí àtúnṣe yìí gan-an ni ó máa ń ṣìnà lára àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé.

LÁTI ORÍ ÀPÓTÍ ÒRÒMỌDÌYẸ DÉ ORÍ ÀPÓTÍ ỌMỌ

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn ló ń yè. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ọmọ oṣù méje lè yè, ṣùgbọ́n pé ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè. Ó wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ orúkọ Hippocrates. Àwọn kan láàárín wa náà ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe òótọ́. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ sí nínú ìyá rẹ̀ títí oṣù á fi pé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lágbára sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Stéphane Tarnier, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ńlá ní Paris, rí àpótí tí wọ́n fi ń pa ẹyin òròmọdìyẹ nínú ọgbà ẹranko. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Èyí ni baba ńlá ohun tí a ń pè ní kúfẹ́sì. Pierre Budin, tó tẹ̀lé e, fi ìwọ̀n ara, oúnjẹ àti ìmọ́tótó kún ìtọ́jú náà. Ọmọ tí ìbá kú nínú òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í lè mí dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ọ́síjìn. Títí dé àwọn ọdún 1940, àwọn ilé ìwòsàn tó lówó ní Amẹ́ríkà, ní Ọsirélíà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àpótí tuntun tó dé pinpin, tí ọ́síjìn kì í jò jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ́síjìn ni ẹ̀mí, bí ó bá ṣe pọ̀ sí ló dára sí.

BOSTON, 1942

Ní ọdún 1942, dókítà ojú kan ní Boston, Theodore Terry, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí oṣù wọn kò pé, tí nǹkan funfun sì wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì ojú wọn méjèèjì. Wọn kò ríran. Kò sí irú àrùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Terry kú ní 1946 láìmọ ohun tó fà á. Nígbà yẹn, àrùn náà ti ń tàn kálẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Títí di nǹkan bí 1953, nǹkan bí ọmọ 10,000 ló ti fọ́jú káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tó dára jù, tó ní nọ́ọ̀sì jù, tó ní ẹ̀rọ jù, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fọ́jú jù. Àwọn dókítà wá ìdí rẹ̀ títí. Wọ́n fura sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fura sí fítámì, wọ́n fura sí wàrà, wọ́n fura sí oògùn ẹ̀jẹ̀. William Silverman ní New York gbìyànjú oògùn kan tó ń jẹ́ ACTH. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fún ní oògùn náà ríran, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì láìṣojúsàájú: àwọn kan gba oògùn, àwọn kan kò gbà. Ó wá rí i pé oògùn náà kò wo ojú kankan, pé àwọn tó gbà á tilẹ̀ ń kú jù. Àwọn tó ríran tẹ́lẹ̀, ara wọn ló wo ara rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni Silverman ti ń kìlọ̀ fún àwọn dókítà yòókù pé inú rere nìkan kò tó láti fi tọ́jú ọmọ, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí.

MELBOURNE, WASHINGTON, ÀTI ÀWỌN NỌ́Ọ̀SÌ ÒRU

Obìnrin ló kọ́kọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní 1951, Kate Campbell, dókítà ọmọdé ní Melbourne ní Ọsirélíà, fi ilé ìwòsàn mẹ́ta wéra. Ó rí i pé níbi tí wọ́n ti ń lo ọ́síjìn lọ́pọ̀lọpọ̀ ni àrùn náà ti pọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n lò ó ni ó ti kéré. Ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mary Crosse náà ṣàkíyèsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò kan náà ní Washington, Arnall Patz àti Leroy Hoeck, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Gallinger, pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ọ́síjìn púpọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn kan gba kìkì èyí tí ara wọn nílò. Ìtàn sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì kan gbà pé dókítà wọ̀nyí fẹ́ pa ọmọ. Ní òru, tí dókítà bá ti lọ sílé, wọ́n á yọ́ lọ ṣí ọ́síjìn sókè fún àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí yóò rí ọmọ tó ń mí gúlegúle tí kò ní fẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́?

Láti July 1953 dé June 1954, ilé ìwòsàn 18 ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ ṣe ìdánwò ńlá kan tí Everett Kinsey darí. Ọmọ 786 tí ìwọ̀n wọn kò tó gíráàmù 1,500 ló wọ inú rẹ̀. Ní September 1954, wọ́n kéde èsì rẹ̀: àwọn tó gba ọ́síjìn púpọ̀ ní àpá àrùn náà lójú ní ìlọ́po tó ju méjì lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí ọmọ là ló ń fọ́ ọ lójú. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Norman Ashton ní London ló ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó fi ọmọ ológbò ṣe é, nítorí ojú ọmọ ológbò kì í tíì gbó nígbà tí wọ́n bá bí i. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan tuntun inú rẹ́tínà á sún kì, wọ́n á sì dáwọ́ híhù dúró. Ìtàkùn gbẹ lójú ọ̀nà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ kúrò nínú ọ́síjìn, rẹ́tínà tí kò ní iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í pebi ẹ̀jẹ̀. Á ké fún ìrànlọ́wọ́, iṣan mìíràn á sì hù ní ìhùkúhù, láìlétò. Àwọn iṣan burúkú wọ̀nyí máa ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ń di àpá, àpá náà á fa rẹ́tínà ya kúrò láyè rẹ̀. Afọ́jú dé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ yín mọ olórin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Stevie Wonder. Ní May 1950 ni wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àsìkò, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Àrùn yìí ló gba ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá bí i lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bóyá ìbá ríran.

ÀṢEJÙ NÍ ÌHÀ KEJÌ

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn wá jù rèé. Lẹ́yìn 1954, ìbẹ̀rù mú gbogbo ilé ìwòsàn. Wọ́n dín ọ́síjìn kù fún gbogbo ọmọ, àti èyí tó nílò rẹ̀ àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Afọ́jú dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1973, Kenneth Cross ní London ṣírò iye ọmọ tó kú nítorí àìrí ọ́síjìn tó. Ìṣirò rẹ̀ ni pé fún ojú ọmọ kan tí wọ́n gbà là, nǹkan bí ọmọ 16 ló kú.

Kódà ní 2010, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi ọmọ 1,316 ṣe ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 27, fi irú nǹkan kan náà hàn. Àwọn tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ní àrùn ojú tó le díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kú ju àwọn yòókù lọ. Ọ́síjìn kì í ṣe ọ̀tá ọmọ. Àìwọ̀n ọ́ ni ọ̀tá. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún ọmọ yín ní ọ́síjìn, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni bóyá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ, tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, wà lára rẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ FỌ́JÚ, TÍ WỌN KÒ SÌ RÍRAN DÁADÁA

Ìtàn àwọn afọ́jú ni gbogbo ayé mọ̀. Ìtàn ọmọkùnrin CP wa kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1955, ọdún kan péré lẹ́yìn ìkéde ńlá yẹn, Fletcher àti Brandon tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àìríran òkèèrè lára àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Wọ́n ti rí i pé ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ afọ́jú, kó má sì bọ́ lọ́wọ́ àìríran dáadáa.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n lára ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀? Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé lè fi èyí yangàn díẹ̀. Ní 1873, dókítà Faransé kan, Ferdinand Cuignet, rí i pé bí ènìyàn bá fi dígí tan ìmọ́lẹ̀ sínú ojú, tó sì ń yí dígí náà, òjìji inú ojú máa ń rìn. Ọ̀nà tí òjìji náà ń gbà rìn ló ń sọ irú awò tí ojú nílò. Ọmọ kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Ferdinand Monoyer, Faransé bákan náà, ló dá ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní dioptre sílẹ̀, èyí tí ẹ ń rí lórí ìwé tí dókítà ojú kọ fún yín. Òun náà ló ṣe pátákó lẹ́tà tí wọ́n ń ní ká kà. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sí etí pátákó náà. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn.

Irinṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn dókítà fi wo àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé láti ọdún dé ọdún. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó gíráàmù 1,251 nígbà ìbí, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 5 ni kì í rí ọ̀nà jíjìn, láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́ títí wọ́n fi lé ní ọdún márùn-ún. Bí àrùn inú rẹ́tínà bá ṣe le sí nígbà ìkókó, bẹ́ẹ̀ ni àìríran náà ṣe ń wọ́pọ̀ sí. Ojú tó lọ́ náà pọ̀ láàárín wọn. Ojú tí ọ̀kan ń ríran ju èkejì lọ pọ̀. Ojú tí ọ̀kan ń wo ọ̀tún tí èkejì ń wo òsì pọ̀.

Kí ló fà á? Àìríran òkèèrè tí a mọ̀ lára àwọn ọmọ tó pé oṣù sábà máa ń wá láti inú ẹyinjú tó gùn jù. Ní 1977, Torsten Wiesel àti Elio Raviola rán ìpéǹpéjú ọmọ ọ̀bọ pa, ẹyinjú náà sì gùn kọjá ààlà. A ti ibẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ojú ń rí ló ń darí bí ojú ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyinjú tirẹ̀ kò gùn jù, ó tilẹ̀ lè kúrú. Iwájú ojú rẹ̀ ni kò dàgbà tó: awọ mímọ́ gaara náà yọ sókè jù, lẹ́ǹsì rẹ̀ nípọn, àlàfo tó wà láàárín wọn sì há. Ó dà bí ẹni pé iwájú ojú dúró síbi tó wà nígbà ìbí, tí ẹ̀yìn nìkan sì ń bá ìrìn àjò lọ. Nítorí náà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi lè ní àìríran tó le láti ọmọ ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ti àwọn ọmọ yòókù sábà máa ń yọjú ní ilé ẹ̀kọ́.

Ìtọ́jú náà ní ipa tirẹ̀. Láti 1988 ni ìwádìí ti fi hàn pé dídì ìpẹ̀kun rẹ́tínà pẹ̀lú òtútù líle lè dá àrùn náà dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lésà gba ipò yẹn. Ní 2011, wọ́n fi hàn pé abẹ́rẹ́ inú ojú lè ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ kan, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ sì wá ní àìríran òkèèrè tó kéré sí ti àwọn tó gba lésà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ní ewu tirẹ̀, àrùn lè padà wá, a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́.

ÀWA ŃKỌ́?

Fún ìgbà pípẹ́, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ojú ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, àrùn mìíràn là ń sọ. Ní 1953, ọdún tí ìdánwò ńlá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ojú IOTA sílẹ̀ ní Bamako. Trachoma àti afọ́jú etí odò ló wà níwájú wọn nígbà náà. Ní 1974, Dahomey, bí orílẹ̀-èdè wa ṣe ń jẹ́ nígbà yẹn, wà lára orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun ńlá lórí afọ́jú etí odò. Àwọn àgbà wa rántí.

Ní 1997, Clare Gilbert láti London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ jáde. Ní Látìn Amẹ́ríkà àti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, àrùn ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ti pọ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ má jẹ́ kí inú wa dùn sí i. Kì í ṣe pé ojú ọmọ wa le. Àwọn ọmọ náà kì í yè débi tí ojú wọn yóò fi ní àrùn.

Nísinsìnyí wọ́n ń yè, a dúpẹ́. Ilé ìgbẹ̀bí ti pọ̀ sí i, ọ́síjìn ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìtọ́jú ìfọmọ-mọ́yà tí àwọn dókítà Bogotá ní Kòlóḿbíà bẹ̀rẹ̀ ní 1978, níbi tí ìyá ti ń fi ara rẹ̀ mú ọmọ móoru, ti tàn kálẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń yè, àrùn ojú náà á tẹ̀lé e. Ìṣirò tó wà fún 2010 ni pé lágbàáyé, nǹkan bí ọmọ 184,700 tí oṣù wọn kò pé ló ní àrùn náà ní ìpele kan tàbí òmíràn. Nǹkan bí 20,000 nínú wọn fọ́jú tàbí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́. Ní Èkó, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 rí i lára àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Ibi tí ó dé ní Èkó, ó lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìṣòro tiwa ni ọ̀nà jíjìn. Láti Savalou dé Kútọnu ju kìlómítà 200 lọ. Ẹni tó bá ti Bantè wá tún ní láti fi ti Savalou kún un. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa rò pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti ń mu ọmú, ó parí. Kò parí. Àrùn inú rẹ́tínà kì í dun ọmọ, kì í sì í hàn síta títí yóò fi pẹ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n máa ń yẹ ojú ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 32 tó pé, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 1,500 lọ, wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni àyè ìtọ́jú fi ń ṣí sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ oṣù méje, ẹ má jáde ní ilé ìwòsàn láìbèèrè: "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni kí a gbé e wá? Ọ̀dọ̀ ta ni?" Ẹ pa ìwé ìbí tí wọ́n kọ iye ọ̀sẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí mọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn ìkókó, ẹ tún gbé e lọ kí dókítà wò ó kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ojú tí kò ríran dáadáa nígbà kékeré, tí a kò fún ní awò, lè ya ọ̀lẹ títí ayé, nítorí ọpọlọ kò kọ́ láti lò ó. Ohun tí Wiesel àti David Hubel fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981 kò jìnnà sí èyí: bí ojú kò bá rí ohun tó yẹ ní kékeré, ọpọlọ kì í dúró dè é.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ará ilé, ẹ má sọ pé ìyá ọmọ ló ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kì í sì í ṣe àjẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò rí àyè dàgbà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ojú wọn yóò dára, àwọn yòókù sì nílò kìkì ẹni tó máa tètè kíyè sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, láti CI dé CM2, ẹ jẹ́ ká máa wo ọmọ tó ń pa ojú pọ̀ kó tó lè kàwé, tó ń dìde lọ síwájú pátákó, tó ń fi imú kàwé, tó ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó mọ ìdáhùn lẹ́nu àmọ́ tó ń kọ ìsọkúsọ. Ẹ fi í jókòó síwájú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé oṣù mélòó ni wọ́n bí i. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Dókítà Boston kò mọ̀, nọ́ọ̀sì Washington kò mọ̀, àwa olùkọ́ ọmọkùnrin CP náà kò mọ̀. Inú rere ni gbogbo wa fi ṣe é. Àwọn tó fi ẹ̀rí wádìí ló gba ojú ọmọ là. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ le: kí a tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń rí ohun tí a kọ.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ire.